Òkè Adó-Àwáyè: ibi tí àtẹ̀gùn parí sí ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀

Ọ̀yọ́ ni mò ń gbé, Adó-Àwáyè kò sì jìnnà sí wa, síbẹ̀ ọdọọdún ni mò ń sún un síwájú. Lóṣù kejìlá tó kọjá, nígbà tí ọyẹ́ ti mú, èmi àti àbúrò mi obìnrin wọ ọkọ̀ Ìséyìn ní Òwódé kí ilẹ̀ tó mọ́. A kọjá odò Ògùn, a dé Ìséyìn, a tún wọ ọkọ̀ mìíràn níbẹ̀. Aago mẹ́jọ ò tíì lù tí a fi dé ẹsẹ̀ òkè. Ẹ tètè lọ ni o, torí bí oòrùn bá ti mú, òkúta yẹn á gbóná bí agbada.

A kọ́kọ́ wá ẹni tó máa mú wa lọ. Àwọn kan ní kò pọn dandan. Èmi ò gbà. Orí òkè ni Bàbá tó mú wa lọ ti ń ṣeré láti kékeré.

Àtẹ̀gùn sìmẹ́ńtì tó wà níbẹ̀ lé ní 300. Òun ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà wá tẹ́lẹ̀, àṣé kékeré nìyẹn. Lẹ́yìn rẹ̀, òkúta lásán ló kù, ó dà gẹ̀rẹ̀, kò sí ohun téèyàn lè dì mú. Bàtà àbúrò mi ti jẹ nísàlẹ̀, ó sì ń yọ̀. Ó dúró, ojú rẹ̀ ti yí padà. Bàbá ní kó bọ́ ọ.

“Ẹ má sáré, òkè ò níbi tó ń lọ. Ẹ má dojú kọ ọ́ tààrà. Ẹ fẹ̀gbẹ́ gùn ún. Ẹ jẹ́ kí gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀ kan òkúta. Ibi tó bá dúdú tó ń dán, ẹ yẹra fún un, omi ló ń gba ibẹ̀ ṣàn.”

Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn títí ẹ̀rù fi kúrò lára rẹ̀.

A rí Ìṣàgẹ, òkúta ńlá tó dúró gbọingbọin lórí ìdí tín-ín-rín. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń tọrọ òjò nígbà ọ̀dá. A rí Ẹsẹ̀ Kan Ayé Ẹsẹ̀ Kan Ọ̀run, kòtò kékeré tó kún fún omi. Bàbá ki ọ̀pá bọ̀ ọ́, ọ̀pá ò kan ìsàlẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni adágún Ìyákẹ̀. Omi, lórí àpáta, nínú ẹ̀ẹ̀rùn! Koríko yí i ká, atẹ́gùn ń fẹ́ ojú rẹ̀ lẹ́lẹ́, ìlú sì wà nísàlẹ̀ pẹ̀lú páànù òrùlé rẹ̀. Bàbá ní a kì í wẹ̀ níbẹ̀. A jókòó, a ò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Mo ti rí àwòrán rẹ̀ lórí fóònù àìmọye ìgbà, kò jọ ọ́ rárá.

Sísọ̀kalẹ̀ ló yọ wá lẹ́nu jù. Orúnkún mi ń gbọ̀n. Níbi tó dà jù, ìdí la fi jókòó tí a ń wọ́ lọ. Omi ọ̀rá méjì méjì la gbé, kò tó wa. Ẹ gbé mẹ́rin.