Owó wà ní bánkì, ẹni tó máa fọwọ́ sí i ni ò sí: ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ mi nípò ààrẹ ẹgbẹ́

Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Ètò ìfẹ̀jẹ̀tọrẹ ẹgbẹ́ wa ti wà nílẹ̀ fún ọjọ́ Àbámẹ́ta, àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìtọ́jú ẹ̀jẹ̀ ti gbà láti wá, owó tí a dá fún un sì wà nínú àkáǹtì. Síbẹ̀, láti ọjọ́ Ajé títí di Ọjọ́bọ̀, kò sẹ́ni tí bánkì gbà kó yọ nǹkan kan nínú rẹ̀.

Ohun tó fà á nìyí. Ọdún àwọn ẹgbẹ́ aṣèrànwọ́ bíi Rotary àti Lions ń bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù Keje, bẹ́ẹ̀ náà ni tiwa. Ààrẹ àti akápò máa ń gbé ipò sílẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Lójú òfin ẹgbẹ́, agbára àwọn olóyè àná ti tán ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà. Lójú bánkì, àwọn nìkan ni wọ́n ṣì mọ̀. Ẹni tó ní agbára ò lórúkọ ní bánkì, ẹni tó lórúkọ ní bánkì ò ní agbára mọ́.

Ìpàdé ìgbìmọ̀, lẹ́tà ìkésíni, fóònù tí kì í dákẹ́: ẹni tó bá ti darí ẹgbẹ́ rí mọ ìyẹn. Ọ̀rọ̀ bánkì ni mo fẹ́ sọ.

Wọ́n ní ká mú ìpinnu ìpàdé wá. A mú un wá, wọ́n dá a padà, torí pé ohun tó wà nínú rẹ̀ kò ju pé ẹgbẹ́ ti yan olóyè tuntun. Ohun tí wọ́n ń wá níbẹ̀ ni nọ́ńbà àkáǹtì, orúkọ ẹni tí a yọ àti ẹni tí a fi rọ́pò rẹ̀, ọjọ́ tí àyípadà náà bẹ̀rẹ̀, iye ọmọ ẹgbẹ́ tó jókòó àti pé iye náà pé gẹ́gẹ́ bí òfin ẹgbẹ́ ṣe sọ, pẹ̀lú iye èèyàn tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí owó kó tó jáde. Bí wọ́n bá ti sọ gbogbo èyí fún wa lọ́jọ́ Ajé, ìwé kan ṣoṣo là bá kọ.

Akọ̀wé tún un kọ. Orúkọ ló tún kàn. Orúkọ mẹ́ta ló wà nínú ìwé ìdánimọ̀ akápò tuntun, méjì ló wà nínú ìpinnu. Lójú bánkì, ọ̀tọ̀ èèyàn nìyẹn. Nígbà tí a yanjú ìyẹn, wọ́n ní akápò àná gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù, ó sì ti rìnrìn àjò. Wọn ò gba àwòrán ìwé látorí fóònù. Yíǹkì ni wọ́n fẹ́ rí lórí ojúlówó ìwé. Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni ìwé náà tó padà dé. Wọ́n gbà á, àmọ́ nọ́ńbà ìdánilójú tó ń ṣí owó jáde ṣì ń lọ sórí fóònù akápò àná! Fọ́ọ̀mù mìíràn nìyẹn. Ìrọ̀lẹ́ Ẹtì la tó sanwó àgọ́, àga àti ohun mímu.

Inú mi dùn sí ọjọ́ Àbámẹ́ta. Mo dúró ti nọ́ọ̀sì tó ń gún ọmọ ìka, tó ń kán ẹ̀jẹ̀ sínú omi aláwọ̀ búlúù, ìyẹn copper sulphate. Ẹ̀jẹ̀ tó bá rì kíákíá ti ki tó láti fi tọrẹ. Èyí tó bá léfòó, olúwa rẹ̀ kò ní í fẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Nǹkan bíi 450 mílílítà ni wọ́n ń gbà lára ẹnì kan, nítorí náà a kọ́kọ́ fún oníkálùkù ní omi mu, kò sì sẹ́ni tó fẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ ní inú òfìfo. Ojú kan náà tí nọ́ọ̀sì wà ni mo ní kí wọ́n to àga ìsinmi sí, torí ìgbà tí èèyàn bá dìde ni òòyì sábà máa ń kọ́ ọ.

Ẹ̀yin tó ń gba ipò bọ̀, ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ ṣe ìpinnu bánkì ní oṣù Karùn-ún, gbàrà tí ìdìbò bá ti parí, kí gbogbo èèyàn ṣì wà nílé. Ẹ kọ orúkọ bó ṣe wà nínú ìwé ìdánimọ̀ gẹ́lẹ́. Ẹ fi èèyàn mẹ́ta sílẹ̀ ní bánkì, kí méjì nínú wọn tó láti fọwọ́ sí owó, kí ẹnì kan sì máa wà níbẹ̀ bọ́ sí ọdún tó tẹ̀ lé e. Owó tí ẹ máa ná ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù Keje, kí àwọn olóyè àná san án ní oṣù Kẹfà. Kí ẹgbẹ́ sì ní síìmù tirẹ̀ tí nọ́ńbà bánkì á máa wá sórí rẹ̀, tí akápò á máa fà lé akápò tuntun lọ́wọ́ pọ̀ mọ́ ìwé àkáǹtì.