Nígbà tí jẹjẹrẹ ẹnu bá wọ eegun àgbọ̀n

Jẹjẹrẹ tó bẹ̀rẹ̀ lára erìgì, lábẹ́ ahọ́n tàbí lẹ́yìn eyín tó gbẹ̀yìn kì í pẹ́ kan eegun àgbọ̀n ìsàlẹ̀, torí ẹran àárín wọn kò nípọn. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó bo eegun ló kọ́kọ́ ń dí i lọ́nà. Tó bá já a, kì í ṣe jẹjẹrẹ fúnra rẹ̀ ló ń jẹ eegun: àwọn sẹ́ẹ̀lì ara wa tó ń tú eegun àtijọ́ palẹ̀ ló ń bẹ̀ níṣẹ́, àwọn ló ń lànà fún un.

Lẹ́nu ẹni tó ṣì léyín, ẹ̀gbẹ́ eyín, níbi tí erìgì ti lẹ̀ mọ́ eegun, ló sábà máa ń gbà wọlé. Ẹni tí eyín rẹ̀ ti ká, orí àgbọ̀n ló ń gbà, níbi tí ojú eegun kò ti dí tán.

Iṣan ìmọ̀lára kan gba inú eegun yìí lọ sí ètè. Bí ètè ìsàlẹ̀ bá kú lápá kan, tí ẹ fọwọ́ kàn án tí ẹ ò mọ̀ ọ́n lára, ẹ má fi falẹ̀. Bákan náà ni eyín tó ń mì láìnídìí, eyín àtọwọ́dá tó ṣàdédé kọ̀ tí kò jókòó mọ́, tàbí egbò tó lé ní ọ̀sẹ̀ 3. Ẹ má sáré yọ eyín tó ń mì náà: ihò rẹ̀ lè di ọ̀nà tààrà fún jẹjẹrẹ. Kí wọ́n kọ́kọ́ gé ẹran díẹ̀ níbẹ̀ fún àyẹ̀wò.

X-ray nìkan kò tó. Ó tó ìdá 30 nínú 100 èròjà eegun tó gbọ́dọ̀ ti lọ kó tó hàn níbẹ̀. CT tàbí MRI, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara ní fínnífínní, ló ń sọ bó ṣe jìn tó.

Tó bá jẹ́ ojú eegun ló kàn, wọ́n lè gé òkè rẹ̀ kí wọ́n fi ìsàlẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó kù gbọ́dọ̀ ga tó sẹ̀ǹtímítà 1, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ó lè kán lẹ́nu oúnjẹ. Àgbọ̀n aláìléyín tó ti rù kì í sábà gba irú èyí. Tó bá ti dé inú mùdùnmúdùn, odindi abala ni wọ́n ń gé, pẹ̀lú bíi sẹ̀ǹtímítà 1 eegun tó dára lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan. Eegun le, wọ́n gbọ́dọ̀ rẹ ẹ́ rọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kí wọ́n tó lè yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Iṣẹ́ abẹ á ti parí kí èsì tó dé, ìdí nìyẹn tí oníṣẹ́ abẹ kò fi lè há ààlà rẹ̀. Wọ́n lè fi eegun tẹ́ẹ́rẹ́ ẹ̀gbẹ́ ojúgun, tòun ti òpó ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, dí àyè náà, kí wọ́n fi irin titanium dè é. Aláìsàn á ṣì máa rìn, torí ojúgun ló ń gbé ìwúwo ara.

Bí ìtọ́jú onítànṣán bá máa tẹ̀lé e, kí wọ́n yọ eyín tó ti bàjẹ́ ní bíi ọ̀sẹ̀ 2 ṣáájú. Lẹ́yìn ìtànṣán, bó ti wù kó pẹ́ tó, ẹ sọ fún oníṣègùn eyín kó tó fọwọ́ kan eyín kankan, torí eegun tí ìtànṣán ti kàn lè kọ̀ láti jiná.