Bẹ́ ẹ ṣe lè tún dókúmẹ́ńtárì ẹ̀yìn kámẹ́rà ṣe kó tó wọ díìsìkì

Tí wọ́n bá fẹ́ tún fíìmù àtijọ́ gbé jáde, orí fíìmù gangan lowó máa ń lọ, tó bá wá kan dókúmẹ́ńtárì tó ń ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ṣe é, àti íntáfíù, àtàwọn síìnì tí wọ́n gé kúrò, wọ́n á kàn kó ti orí DVD àtijọ́ síbẹ̀ bó ṣe wà. Ó máa ń dùn mí gan-an ni, torí nígbà míì ibẹ̀ nìkan lẹ ti lè gbọ́ ohùn ẹni tó di kámẹ́rà mú tàbí ẹni tó rán aṣọ àwọn òṣèré, ẹni náà sì lè ti ṣaláìsí.

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti orí DVD o. MPEG-2 ni wọ́n fi fún àwòrán orí ẹ̀ mọ́ra, ohun tó ti sọnù níbẹ̀ ò lè padà wá mọ́. Ẹ wá téèpù máṣítà lọ, Betacam SP tàbí Digital Betacam ló sábà máa ń jẹ́, ẹ sì bèèrè téèpù íntáfíù tí wọn ò tíì gé, torí tó bá jẹ́ fíìmù 16mm ni wọ́n fi yà á tí nẹ́gátíìfù ẹ̀ ṣì wà, scan rẹ̀ á mọ́ ju téèpù èyíkéyìí lọ. Tó bá jẹ́ LaserDisc nìkan ló kù, ẹ lo ld-decode, sọ́fítíwìà ọ̀fẹ́ ni, láti ibi tí léésà ti ń ka díìsìkì ló ti ń bá sígínà ṣiṣẹ́, kì í dúró de àwòrán tí pléyà bá gbé jáde.

Téèpù tó ti pẹ́, ẹ má sáré tì í sínú ẹ̀rọ. Àwọn kan ti fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, gọ́ọ̀mù inú ẹ̀ á ti máa lẹ̀, á sì máa bó sára hẹ́ẹ̀dì, ìyẹn ibi tó ń ka téèpù nínú ẹ̀rọ. Wọ́n máa ń fi ooru díẹ̀ yan irú ẹ̀ fún wákàtí púpọ̀ kí wọ́n tó lò ó, kì í ṣe nínú ààrò ilé ìdáná, ẹni tó mọ̀ ọ́n ni kẹ́ ẹ gbé e fún. Tẹ́ ẹ bá ń gbà á sórí kọ̀ǹpútà, ẹ fi TBC, ẹ̀rọ tó ń tún àkókò sígínà ṣe, sí i kí ìlà àwòrán má máa yẹ̀, ẹ gbà á ní 10-bit 4:2:2, ìyẹn ìwọ̀n tó ń pa ọ̀pọ̀ kọ́lọ̀ mọ́, kẹ́ ẹ tọ́jú ẹ̀ sí FFV1, ọ̀nà ìfún-fídíò-mọ́ra tí kò ní sọ nǹkan kan nù. Ẹ má tíì deinterlace rárá, ìyẹn kẹ́ ẹ sọ àwọn ìdajì àwòrán (field) tí fídíò àtijọ́ fi ń ṣiṣẹ́ di odindi fírémù.

Ibi tí iṣẹ́ gan-an wà rèé. Ìka ò dọ́gba, ohun tó wà nínú dókúmẹ́ńtárì kan ṣoṣo náà ò dọ́gba. Íntáfíù lè jẹ́ fídíò, tó jẹ́ field 59.94 ní ìṣẹ́jú àáyá kan tó bá jẹ́ NTSC, ètò tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà, ibi tí wọ́n ti fi fíìmù hàn jẹ́ fírémù 24 tí wọ́n nà kó lè bá fídíò mu, ẹnì kan sì tún lè ti fi VHS ya díẹ̀. Tẹ́ ẹ bá da gbogbo ẹ̀ sínú fílítà kan náà, apá kan á dáa, ìyókù á bàjẹ́.

Ẹ máa tẹ̀ ẹ́ ní fírémù kọ̀ọ̀kan, níbi tí ẹnì kan ti ń juwọ́. Tí ìlà tín-ín-rín bá ń yọ létí ọwọ́ yẹn ní gbogbo fírémù, fídíò nìyẹn, ẹ fi QTGMC, fílítà tó ń deinterlace, sọ ọ́ di fírémù 59.94. Tó bá jẹ́ pé nínú fírémù márùn-ún, mẹ́ta mọ́, méjì ló ní ìlà, fíìmù tí wọ́n nà ni, ẹ ṣe inverse telecine, ìyẹn kẹ́ ẹ yọ nínà yẹn kúrò, kó padà sí 23.976, iye tí fírémù 24 máa ń jẹ́ lórí NTSC. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ẹ̀yìn tí wọ́n nà án tán ni wọ́n tó gé e, torí náà ètò mẹ́ta-méjì yẹn á máa já níbi tí wọ́n bá ti gé e, ẹ ó máa tún un bẹ̀rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan. Èyí tó le jù ni ibi tí orúkọ èèyàn ti ń rìn wọlé lórí ṣọ́ọ̀tì fíìmù, nǹkan abẹ́ jẹ́ 24, lẹ́tà orí ẹ̀ jẹ́ 59.94, tẹ́ ẹ bá tún abẹ́ ṣe, lẹ́tà á máa ta. QTGMC ni mo máa ń fi sí gbogbo ṣọ́ọ̀tì bẹ́ẹ̀, kí gbogbo iṣẹ́ sì parí sí 59.94.

Ṣé kẹ́ ẹ wá fi scan tuntun rọ́pò ibi tí wọ́n ti fi fíìmù hàn? Ó dáa, tó bá jẹ́ ṣọ́ọ̀tì kan náà gẹ́lẹ́. Àmọ́ ẹ wò ó dáadáa, torí wọ́n lè ti lo àwòrán tí wọn ò tíì parí, tàbí ibi tí òṣèré ti sọ ọ̀rọ̀ yẹn lọ́nà míì tí ò sí nínú fíìmù. Nǹkan ọ̀wọ́n nìyẹn, ẹ má fọwọ́ kàn án.

AI tó ń sọ àwòrán di ńlá, mi ò gbà á láyè lójú èèyàn, awọ á máa dán, eyín á lẹ̀ pọ̀, ìwé ara ògiri á di lẹ́tà tí ò sí níbì kankan. Ẹ yọ àmì funfun tí téèpù máa ń sọ, ẹ dá kọ́lọ̀ tó yẹ̀ padà sáyè ẹ̀, ó tó. Àwòrán 4:3 gbọ́dọ̀ wà ní 4:3, ẹ má gé orí èèyàn torí kó lè kún tẹlifíṣọ̀n.

Blu-ray lásán (kì í ṣe Ultra HD) kì í gba 1080p ní 59.94, torí náà 720p ni mo máa ń lò, ìrìn àwòrán á ṣì máa yọ̀. Wọ́n tún lè lo 1080i, tó jẹ́ pé field ló ń lò.

Ohùn ńkọ́? Ẹ yọ ìkùn iná, 50 tàbí 60Hz, pẹ̀lú àwọn ìlọ́po ẹ̀, ẹ má fọ̀ ọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Digital Betacam ní tráàkì ohùn 4, ẹ gbọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, torí nígbà míì ọ̀rọ̀ wà lọ́tọ̀, orin wà lọ́tọ̀. Ìyẹn ló máa gbà yín tó bá jẹ́ pé tẹlifíṣọ̀n nìkan ni wọ́n gba àṣẹ orin náà fún, tí ẹni tó ni ín ò sì gbà kó wọ díìsìkì, ẹ ó lè fi orin míì sábẹ́ ọ̀rọ̀ láìgé íntáfíù, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ sára páálí pé orin ibẹ̀ ti yí padà.