Éèsì Inú Ilé: Bí A Ṣe Ń Yàn Án, Bí A Ṣe Ń Lò Ó àti Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Rẹ̀

Ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí ẹni tí ó fẹ́ ra ẹ̀rọ amúlétutù, èyí tí gbogbo wa ń pè ní éèsì, mọ̀ ni pé ẹ̀rọ náà kì í pèsè òtútù rárá. Ooru ni ó ń kó. Ó ń kó ooru inú yàrá gba inú páìpù bàbà, ó sì ń dà á síta níbi àpótí kejì tí ó wà lẹ́yìn ilé. Ẹni tí ó bá dúró síwájú àpótí náà lọ́sàn-án yóò mọ̀ ọ́n lára. Ó tún ń fa ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́, òun náà sì ni omi tí ń kán tó-tó-tó láti ẹnu rọ́bà tí wọ́n gbé jáde sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Kódà, nítorí ọ̀rinrin ni Willis Carrier ṣe ya àwòrán irú ẹ̀rọ yìí ní Amẹ́ríkà ní 1902, fún ilé ìtẹ̀wé kan ní Brooklyn tí bébà wọn ń fẹ̀, tí ó tún ń súnkì, tí àwọ̀ kò fi jókòó síbi tí ó yẹ. Bí ẹ bá ti fi í sọ́kàn pé akóoru ni éèsì, ìdí tí a fi ń ṣe gbogbo ohun tí ó wà nísàlẹ̀ yìí yóò yé yín.

Ẹ wọn yàrá kí ẹ tó lọ sọ́jà

Ní Alábà, tàbí ní ilé ìtajà yòówù, "Họ́ọ̀sì mélòó lẹ fẹ́?" ni ìbéèrè tí wọn yóò kọ́kọ́ bi yín. Họ́ọ̀sì ni wọ́n fi ń sọ bí agbára éèsì ṣe tó, BTU sì ni òṣùwọ̀n tí a fi ń ka ooru. Éèsì họ́ọ̀sì kan máa ń kó ooru tó BTU 9,000 ní wákàtí kan, họ́ọ̀sì kan àbọ̀ ń kó 12,000, họ́ọ̀sì méjì sì ń kó 18,000. Yàrá tí ó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12 níbùú àti 12 lóròó kò nílò ju họ́ọ̀sì kan lọ. Èyí tí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, títí dé 15, ni ó ń fẹ́ họ́ọ̀sì kan àbọ̀, pálọ̀ ńlá sì ń bẹ̀rẹ̀ láti méjì. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n ilẹ̀ nìkan kò tó. Bí ó bá jẹ́ pé òrùlé páànù ni ó wà lórí àjà yín tààrà, tí kò sí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì mìíràn lókè, tàbí tí fèrèsé kọjú sí ìwọ̀ oòrùn, ẹ fi ìdajì họ́ọ̀sì kún un.

Ẹ má sì rò pé èyí tí ó tóbi jù ló dára jù. Éèsì tí ó ju yàrá lọ yóò mú un tutù kíákíá, yóò sì dákẹ́ kí ó tó fa ọ̀rinrin tán, nítorí náà ni yàrá kan fi ń tutù bí ẹnu kànga, tí aṣọ ibùsùn sì rin gbìndìn. Èyí tí ó kéré jù ní tirẹ̀ kò ní sinmi tọ̀sán tòru, bẹ́ẹ̀ ni yàrá kò ní tutù.

Ínfátà tàbí èyí tí kì í ṣe ínfátà

Orúkọ yìí ti da ọ̀pọ̀ ènìyàn láàmú. Éèsì onínfátà kò ní bátìrì nínú, kò sì lè ṣiṣẹ́ nígbà tí iná bá lọ. Ohun tí ó yà á sọ́tọ̀ ni pé kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ rẹ̀, ìyẹn ẹ̀rọ tí ń ti gáàsì kiri inú páìpù, mọ bí a ti ń rọra rìn: nígbà tí yàrá bá ti tutù tó, yóò dín eré kù dípò kí ó kú pátápátá kí ó tún máa fi agbára gbéra. Owó rẹ̀ wọ́n ju ti lásán lọ, àmọ́ ẹni tí ó máa ń tan éèsì mọ́jú, tàbí tí ó ń lo agbára oòrùn, yóò rí èrè rẹ̀. Ẹni tí kì í tàn án ju wákàtí kan lọ lóòjọ́ lè ra ti lásán, kí ó fi owó tí ó kù ra nǹkan mìíràn.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Yúnìtì iná kan ni wáàtì 1,000 fún wákàtí kan. Éèsì họ́ọ̀sì kan àbọ̀ tí ó ń jẹ wáàtì 1,200 yóò jẹ yúnìtì 9.6 láàárín wákàtí 8, bí kò bá sinmi rárá. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, nígbà tí NERC, àjọ tí ń ṣàkóso iná mànàmáná ní Nàìjíríà, gbé owó iná àwọn tí ó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tí ó yẹ kí wọ́n máa rí iná fún ogún wákàtí lóòjọ́, sí ₦225 fún yúnìtì kan, alẹ́ kan ṣoṣo yóò gba nǹkan bí ₦2,160. Iye yúnìtì ti ń yí padà láti ìgbà náà. Ẹ fi tiyín síbẹ̀ kí ẹ tún un ṣírò.

Ní ti tòkúnbọ̀, èmi kì í gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti rà á. Àwọn tí ó ti pẹ́ nínú wọn ń lo R22, ọ̀kan nínú àwọn gáàsì tí ń gbé ooru nínú páìpù éèsì, èyí tí ń ba ìpele ósóònù tí ń dáàbò bò wá lọ́wọ́ ìtànṣán oòrùn jẹ́, tí àwọn orílẹ̀-èdè sì ti ń mú kúrò nílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ àdéhùn Montreal ti 1987. Àwọn tuntun ń lo R410A tàbí R32. Ẹ wo orúkọ gáàsì lára àkọlé ẹ̀yìn àpótí ìta, kí ẹ sì má gbà kí ẹnikẹ́ni da ọ̀kan pọ̀ mọ́ èkejì. R32 tilẹ̀ lè gbiná bí ó bá rí ohun tí yóò ràn án.

Ibi tí ẹ gbé e kọ́

Ẹ gbé àpótí ìta síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, tí òjìji bá a, tí ẹ̀yìn rẹ̀ kò lẹ̀ mọ́ ògiri. Bí ẹ bá há a mọ́ kọ̀rọ̀, ooru tí ó dà nù ni yóò tún máa fà padà. Rọ́bà omi gbọ́dọ̀ dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ láti inú dé ìta. Ẹ fún éèsì ní wáyà tirẹ̀ àti bírékà tirẹ̀ láti ibi pánẹ́ẹ̀lì, torí pé sọ́kẹ́ẹ̀tì tí ẹ ń ki fáànù bọ̀ yóò gbóná títí yóò fi yọ́. Níbi tí iná bá ti ń lọ sókè sódò, ẹ fi sitébíláísà sí i. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí wọ́n ń pè ní "I pass my neighbour" kò lè gbé e. Èyí tí ó lè gbé e náà gbọ́dọ̀ jìnnà sí fèrèsé, nítorí éfín rẹ̀ ń pa ènìyàn lójú oorun.

Bí a ṣe ń lò ó

Ti ilẹ̀kùn àti fèrèsé, fa kọ́tìnì bo ojú oòrùn, kí o tó tan éèsì. Lórí rìmóòtù, àmì yìnyín ni ti títutù, àmì ẹ̀kán omi sì ni ti fífa ọ̀rinrin, èyí tí ó wúlò púpọ̀ ní oṣù kẹfà àti ìkeje nígbà tí òjò ń rọ̀ tí ooru kò sì pọ̀. Àmì oòrùn tí ẹ ń rí lára àwọn mìíràn ni pé ẹ̀rọ náà lè yí iṣẹ́ rẹ̀ padà, kí ó kó ooru láti ìta wọlé; àwọn ẹbí wa tí ó wà ní Ìlú Ọba ló wúlò fún.

Gbé e sí díígírì 24 sí 26. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń tẹ̀ ẹ́ dé 16 kí yàrá lè tètè tutù, ṣùgbọ́n éèsì lásán kò ní eré mìíràn ju ẹyọ kan lọ. Kì í sáré sí i, kò kàn ní tètè dákẹ́ ni. Fáànù tí ó rọra ń yí lókè yóò jẹ́ kí 26 rí lára bí 24. Bí iná bá lọ tí ó sì dé lójú ẹsẹ̀, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́ta kí ẹ tó tún un tàn, torí pé kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ kò fẹ́ràn kí a jí i nígbà tí gáàsì inú rẹ̀ kò tíì fara balẹ̀. Àwọn tuntun a máa dúró fúnra wọn. Ẹ má rò pé wọ́n ti bàjẹ́.

Fífọ asẹ́ rẹ̀

Asẹ́ ni àwọ̀n tí ń gba eruku níwájú éèsì. Iṣẹ́ yìí kò gba ìdajì wákàtí, òun sì ni ọ̀pọ̀ ilé kì í ṣe. Ẹ máa ṣe é lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì-méjì, àti lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nígbà ọyẹ́.

1. Ẹ pa á láti ibi bírékà, kì í ṣe láti orí rìmóòtù nìkan.
2. Ẹ gbé ìdérí iwájú sókè láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí ẹ sì rọra fa asẹ́ jáde. Bí ó bá ti pẹ́, eruku yóò ti lẹ̀ mọ́ ọn bí aṣọ òfì, débi pé ẹ kò ní rí ojú ihò rẹ̀.
3. Ẹ da omi sí i láti ẹ̀yìn wá síwájú, ẹ fi ọṣẹ díẹ̀ àti búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ nù ún.
4. Ẹ sá a sí òjìji títí yóò fi gbẹ. Oòrùn a máa mú kí rọ́bà rẹ̀ ká, kò sì ní wọlé padà.

Àpótí ìta náà ń fẹ́ omi. Ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, pàápàá lẹ́yìn ọyẹ́, àmọ́ kí ó má lo omi tí ń ta pọ́ọ́, nítorí àwọn abẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ yóò tẹ̀, wọn yóò sì dí atẹ́gùn lọ́nà. Bí omi bá bẹ̀rẹ̀ sí í kán sínú yàrá, rọ́bà omi ni ó dí, ohun yíyọ̀ bí ewédò ni wọn yóò sì fọn jáde níbẹ̀.

"Gáàsì ti tán"

Gbólóhùn yìí ló ń gba owó jù lọ́wọ́ wa. Gáàsì éèsì kì í jó tán bí bẹntiróòlù. Inú páìpù tí a dì pa ni ó ń yípo, bí ó bá sì dínkù, ó ń jò ni. Oníṣẹ́ kan rọ gáàsì sí ti pálọ̀ mi ní ẹ̀ẹ̀mẹta láàárín ọdún kan, kò sì ju oṣù méjì lọ tí yóò tún bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ atẹ́gùn lásán. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí mo pè lẹ́yìn rẹ̀ kò mú gáàsì dání rárá nígbà tí ó kọ́kọ́ dé; ìfófòó ọṣẹ nínú ìkòkò kékeré ni ó mú wá. Ó fi kàn-ìn-kàn-ìn pa á sí gbogbo oríkèé páìpù, níbi nọ́ọ̀tì ẹ̀gbẹ́ àpótí ìta sì ni ìfófòó ti ń yọ ẹyin, wúyẹ́-wúyẹ́. Ó gé ẹnu páìpù náà, ó tún un fẹ̀, ó dè é le, ó fi ẹ̀rọ fa gbogbo atẹ́gùn àti omi inú rẹ̀ jáde, kí ó tó wá fi òṣùwọ̀n wọn gáàsì sí i ní ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára ẹ̀rọ.

Nítorí náà, bí éèsì kò bá tutù mọ́, ẹ kọ́kọ́ fọ asẹ́, kí ẹ wo bóyá nǹkan dí àpótí ìta lójú. Bí yìnyín bá bo páìpù, ẹ pa á kí ó yọ́ ná: ìdọ̀tí tàbí àìtó gáàsì ni ó fà á. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ pe oníṣẹ́, kí ẹ sì bi í ní ìbéèrè méjì lórí fóònù kí ó tó gbéra: ṣé ó ní ẹ̀rọ tí ń fa atẹ́gùn jáde, ṣé ó sì ní òṣùwọ̀n gáàsì? Bí ó bá ní ojú lòun fi ń wọ̀n ọ́n, ẹ wá ẹlòmíràn.