Bí Ẹ Ṣe Lè Fi Owó Ránṣẹ́ láti Àbújá sí Ará Ilé Tó Wà Lókè Òkun

"Èló ni wọ́n ń ṣẹ́ pọ́ùn lónìí?" Ìbéèrè tí ọ̀pọ̀ èèyàn kọ́kọ́ ń béèrè nìyẹn, bẹ́ẹ̀ òun kọ́ ló yẹ kó ṣíwájú. Kí ni owó náà fẹ́ lọ ṣe? Ọjọ́ wo ni ẹni tó ń retí rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti rí i gbà? Owó iléèwé, owó ilé, owó oúnjẹ akẹ́kọ̀ọ́, owó ìtọ́jú aláìsàn: ìwé tí báǹkì ń béèrè lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn yàtọ̀, ọjọ́ tí kálukú sì ń gbà kí ó tó délé kò dọ́gba.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ilẹ̀kùn kan tí kò ní ṣí kúrò lọ́nà. Àwọn ilé-iṣẹ́ tí ẹ fi ń gba owó tí àwọn ọmọ ń fi ránṣẹ́ wálé láti Lọ́ńdọ̀nù tàbí Houston, wíwọlé nìkan ni owó ń gba ọ̀dọ̀ wọn. Ìlànà tí Báǹkì Àpapọ̀, ìyẹn CBN, gbé jáde ní oṣù kìíní ọdún 2024 kò gbà kí wọ́n fi owó jáde. Ẹ má lọ fi àárọ̀ yín tò sórí ìlà níbẹ̀.

Báǹkì ni ọ̀nà tó tọ́, Form A sì ni ìwé tí wọ́n fi ń ta owó ilẹ̀ òkèèrè fún ẹni tó fẹ́ san irú owó tí a kà sókè yìí. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń kọ ọ́, ní tradesystem.gov.ng. Ẹ ó yan báǹkì yín níbẹ̀, báǹkì yóò yẹ̀ ẹ́ wò kó tó fọwọ́ sí i. Tó bá jẹ́ owó iléèwé, ẹ tọ́jú lẹ́tà ìgbaniwọlé, ìwé tí iléèwé fi béèrè owó, ojú ewé tí àwòrán ọmọ wà nínú páásípọ́ọ̀tù rẹ̀, àti BVN ẹni tó ń sanwó. Ọmọ tó ti wọ ọdún kejì, wọ́n sábà máa ń béèrè èsì ìdánwò rẹ̀ tàbí lẹ́tà tó fi hàn pé ó ṣì wà níléèwé. Tó bá jẹ́ owó oúnjẹ àti ilé rẹ̀, lẹ́tà yẹn ṣe pàtàkì ju ohunkóhun lọ.

Orúkọ ló ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ jù. Àwa Yorùbá lórúkọ mẹ́ta mẹ́rin, a sì ń pa wọ́n dà bó ṣe wù wá. Bí lẹ́tà iléèwé bá pe ọmọ ní Adéọlá, tí páásípọ́ọ̀tù pè é ní Ọmọ́wùmí, tí orúkọ àárín sọnù lórí Form A, báǹkì yóò dá a padà, ẹ ó sì tún tò láti ìbẹ̀rẹ̀. Ohun tó wà nínú páásípọ́ọ̀tù ni kí ẹ kọ, lẹ́tà kan kò gbọ́dọ̀ yẹ̀.

Owó iléèwé, àkáǹtì iléèwé ni kó lọ tààrà, kó má gba ọwọ́ ọmọ kọjá. Níbi tí wọ́n ti ń béèrè àlàyé owó, ẹ kọ nọ́ńbà tí iléèwé fún ọmọ náà. Bí ẹ kò bá kọ ọ́, owó á dé, á kàn jókòó síbẹ̀ láìní olówó, orúkọ ọmọ á sì wà lára àwọn tó jẹ gbèsè.

Owó tó jáde, owó tó balẹ̀

Ká wá sọ̀rọ̀ iye. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ló yẹ kí ẹ fi wé ara wọn láti báǹkì kan sí òmíràn: gbogbo náírà tó kúrò lọ́wọ́ yín, ẹ pín in sí iye pọ́ùn tó balẹ̀ lọ́hùn-ún.

Ká ní báǹkì kan ń ta pọ́ùn ní 2,000 náírà, ó sì ń gba 30,000 náírà lé e fún iṣẹ́ rẹ̀. Èkejì ń tà á ní 2,060, kò gba nǹkan kan lé e. (Àpẹẹrẹ ni o, ẹ má fi bá ẹnikẹ́ni jà ní báǹkì.) Bó bá jẹ́ 200 pọ́ùn lẹ fẹ́ fi ránṣẹ́, 430,000 ni ẹ ó san lọ́dọ̀ àkọ́kọ́, 412,000 lọ́dọ̀ èkejì. Bó bá jẹ́ 500, ọgbọọgba ni wọ́n: 1,030,000. Bó bá di 1,000, àkọ́kọ́ yóò gba 2,030,000, èkejì 2,060,000. Báǹkì tó wọ́n fún owó kékeré lè rọjú fún owó ńlá. Ìdí nìyí tí fífi 150 pọ́ùn ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́rin lóṣù kò fi bọ́gbọ́n mu níbi tí wọ́n bá ti ń gba owó iṣẹ́: ẹ̀ẹ̀mẹrin lẹ ó san án. Bí ọmọ bá mọ owó ná, ẹ fi ti oṣù méjì ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan.

Lẹ́yìn èyí ni báǹkì yóò bi yín ta ni yóò san owó ojú ọ̀nà, nítorí owó Swift, ìyẹn ọ̀nà tí àwọn báǹkì ń gbà ránṣẹ́ owó síra wọn láti ìlú kan sí òmíràn, sábà máa ń gba báǹkì kan tàbí méjì kọjá kó tó délé. OUR túmọ̀ sí pé ẹ̀yin ló san gbogbo rẹ̀. SHA, ẹ pín in, àwọn báǹkì àárín ọ̀nà á sì yọ tiwọn lára owó náà. BEN, ẹni tó ń gbà á ló ń san án. Tó bá jẹ́ owó iléèwé tàbí owó ilé, OUR ni kí ẹ yàn. Bí wọ́n bá yọ 20 pọ́ùn péré lójú ọ̀nà, owó ọmọ kò pé nìyẹn, ẹ ó sì tún san owó iṣẹ́ odindi láti fi 20 pọ́ùn tẹ̀ lé e. Tó bá jẹ́ owó oúnjẹ, SHA kò burú.

Ẹ má sì fi dọ́là ránṣẹ́ sí àkáǹtì pọ́ùn. Báǹkì ọ̀hún ni yóò pààrọ̀ rẹ̀, ní iye tó bá wù ú.

Àkáǹtì ẹni tó ń gbà á

Ní Gẹ̀ẹ́sì, nọ́ńbà àkáǹtì jẹ́ mẹ́jọ, sort code, ìyẹn nọ́ńbà ẹ̀ka báǹkì, jẹ́ mẹ́fà, IBAN wọn, ìyẹn nọ́ńbà àkáǹtì tí wọ́n fi ń gba owó òkèèrè, sì jẹ́ 22, GB ló fi ń bẹ̀rẹ̀. Ti Jámánì náà jẹ́ 22, ti Faransé 27. Amẹ́ríkà àti Kánádà kì í lo IBAN: routing number, ìyẹn nọ́ńbà báǹkì, tó jẹ́ mẹ́sàn-án ni Amẹ́ríkà ń lò, Kánádà ń lo nọ́ńbà ẹ̀ka báǹkì, tó jẹ́ márùn-ún, àti ti báǹkì fúnra rẹ̀, tó jẹ́ mẹ́ta. Kóòdù Swift jẹ́ mẹ́jọ tàbí mọ́kànlá. Kí ẹni tó ni àkáǹtì dà á kọ látinú áàpù báǹkì rẹ̀, kó má kà á síta lórí fóònù. Kó sì bi báǹkì rẹ̀ bóyá àkáǹtì náà ń gba owó Swift, torí àwọn àkáǹtì orí fóònù kan wà tó jẹ́ pé owó abẹ́lé nìkan ni wọ́n ń gbà.

Zone 4 ńkọ́? A mọ̀ pé ibẹ̀ ni ọkàn ọ̀pọ̀ èèyàn ń lọ, lọ́dọ̀ àwọn Mallam tó ń ṣẹ́ owó ní Wuse, bí àwọn ará Kánò ṣe ń lọ sí Wapa. Owó tí ẹ bá rà níbẹ̀, tí ẹ kó sínú àkáǹtì dọ́là yín, báǹkì kì í wò ó bí èyí tó tòkèèrè wọlé. Wọn á béèrè ibi tó ti wá kí ẹ tó lè fi ránṣẹ́. Èyí tó léwu jù ni "san náírà síbí, èèyàn wa á san pọ́ùn lọ́hùn-ún". Ẹni tí ẹ kò mọ̀ ni yóò sanwó sínú àkáǹtì ọmọ yín. Bí owó náà bá jẹ́ ti jìbìtì, àkáǹtì ọmọ ni wọn yóò tì pa, òun ni yóò sì jẹ́jọ́.

Ìyá àgbà tó ń lọ bá wọn gbọ́mọ lè gba owó ìrìn àjò, PTA, ní báǹkì. Láti oṣù kejì ọdún 2024, wọn kì í fún ni lówó lọ́wọ́ mọ́, orí káàdì ni. Bí ẹ̀rọ ATM òkèèrè bá bi í pé ṣé kí òun ṣírò ọ́ ní dọ́là tàbí náírà, kó ní rárá, kó yan owó ìlú náà. Ẹni tó bá sì fi ọwọ́ gbé ju 10,000 dọ́là lọ gbọ́dọ̀ sọ fún àwọn aṣọ́bodè.

Fún ará ilé tó wà ní Gánà, ẹ béèrè PAPSS, ètò ìsanwó láàárín àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà, ní báǹkì yín: náírà lẹ san, cedi ni wọ́n gbà, dọ́là kò sí láàárín. Ní 2025, CBN dín ìwé tó ń béèrè kù fún owó tí kò ju 2,000 dọ́là lọ. Àwọn tó ní èèyàn ní Kútọnu tàbí Kétu, iye yúrò ni kí ẹ máa wò, torí 655.957 sẹ́fà ni yúrò kan, kì í yí padà.

Ọjọ́ wo?

Ẹ ka ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn láti ọjọ́ tí wọ́n nílò owó. Ọ̀sẹ̀ méjì fún Form A àti ríra owó, ọ̀sẹ̀ kan fún ojú ọ̀nà. Ẹ̀ka báǹkì yín lè wà ní Garki tàbí Sabon Gari, Èkó ni olú ilé-iṣẹ́ ọ̀pọ̀ wọn wà, ibẹ̀ sì ni ìwé ń lọ.

Ọjọ́ Ajé tàbí Ìṣẹ́gun, ní àárọ̀, ló dára jù. Ní apá Àríwá, ọ̀sán Jímọ̀ kì í ṣe àsìkò ìwé, Swift kì í sì í balẹ̀ ní Sátidé àti Àìkú. Tí Ìtúnu Ààwẹ̀ tàbí Iléyá bá ń bọ̀, ẹ má retí ìkéde ìjọba. Ó sábà máa ń ku ọjọ́ díẹ̀ kí wọ́n tó sọ ọ́. Ọ̀kan tí àwọn èèyàn kì í rò: dọ́là tó ń lọ sí Jámánì pàápàá sábà máa ń gba báǹkì kan ní New York kọjá. Aago mẹ́ta ọ̀sán wa, aago mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá àárọ̀ wọn ni, ìsinmi wọn, bí 4 oṣù keje, yóò sì dá a dúró.

Ṣé kí ẹ dúró kí náírà le sí i? Bí ọjọ́ owó iléèwé bá ti sún mọ́, rárá. Ní 14 oṣù kẹfà ọdún 2023, dọ́là kúrò ní nǹkan bí 470 náírà, ó kọjá 600 lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Owó tí kò kánjú nìkan ni ẹ lè fi ṣọ́ ọjà.

Bí owó bá ti lọ, ẹ gba ìwé ẹ̀rí Swift, tí àwọn òṣìṣẹ́ báǹkì ń pè ní MT103, lọ́jọ́ náà gan-an. Nọ́ńbà gígùn kan tó ń jẹ́ UETR wà fún owó náà. Òun ni báǹkì méjèèjì fi ń wá a. Bí ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún bá kọjá tí owó kò dé, ẹ kọ̀wé sí báǹkì yín kí wọ́n tọpa rẹ̀. Bí wọ́n bá ní ó ń padà bọ̀, ẹ má tíì fi òmíràn ránṣẹ́ títí ẹ ó fi mọ ohun tó dá a padà, torí lẹ́tà kan tó yẹ̀ nínú orúkọ yóò dá èkejì náà padà.