Páìpù drip ti wà nílẹ̀, tíì sì tún ń rọ: ìbéèrè tí àbúrò mi bi mí àti ìdáhùn

Àbúrò mi kan wà lórí òkè Mambilla ní Tàrábà, lápá Kakara níbi tí wọ́n ti ń gbin tíì, ó ń bá ẹnì kan mójú tó oko kékeré kan níbẹ̀. Èmi wà ní Òṣogbo ní tèmi, iṣẹ́ mi ni kí n máa bá àwọn tó ń gbin ata, tòmátì àti ewédú fa páìpù drip, ìyẹn páìpù oníhò tó ń kán omi sí ìdí ọ̀gbìn, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Láti ìgbà tí òjò ti dá ní oṣù kọkànlá ló ti ń fi voice note dààmú mi, wọ́n pọ̀ débi pé mo ní kí n kúkú kọ ọ́ sílẹ̀, torí ó dá mi lójú pé ẹlòmíì náà ń bá irú ẹ̀ yí.

Ìbéèrè: Bọ̀dá mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Orí búlọ́ọ̀kù méjì la gbé dúrọ́ọ̀mù sí lókè oko, a so páìpù mọ́ ọn kó máa wálẹ̀. Tíì tó wà nísàlẹ̀ ń mu omi àmuyó, ìdí ẹ̀ ti di ẹrẹ̀, àwọn tòkè ò rí nǹkan kan. Ṣé ayédèrú páìpù ni wọ́n tà fún wa ni?

Ìdáhùn: Páìpù ò ṣe nǹkan kan jàre. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè lo wà, kì í ṣe ilẹ̀ pẹrẹsẹ bíi tiwa níbí. Omi tó bá fi mítà 10 wálẹ̀ nínú páìpù, agbára ẹ̀ á fi bar 1 lé sí i (bar la fi ń wọn agbára tí omi fi ń tì), bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ drip ò nílò ju bar 1 náà lọ. Lókè lọ́dọ̀ dúrọ́ọ̀mù ńkọ́? Búlọ́ọ̀kù méjì ò tó ìdajì mítà, agbára wo ni omi fẹ́ rí níbẹ̀? Nítorí náà, páìpù ńlá nìkan ni kó wálẹ̀ tààrà, àwọn kéékèèké tó ní ihò ni kó o fà gba ẹ̀gbẹ́ òkè kọjá, kó bá ìlà tíì lọ, kó má gòkè kó má sì sọ̀kalẹ̀. Wá fi kọ́ọ̀kù sí ẹnu ìlà kọ̀ọ̀kan, kó o máa pa ti ìsàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí tí tòkè náà á fi rí omi. Ẹnì kan á sọ fún ẹ pé kó o ra drip tó máa ń wọn omi fúnra ẹ̀, pressure-compensating ni wọ́n ń pè é, ó dáa lóòótọ́ lórí òkè, àmọ́ ó máa ń fẹ́ tó ìdajì bar kó tó ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ, ìyẹn ni pé tánkì gbọ́dọ̀ fi bíi mítà 5 ga ju drip lọ. Tó ò bá tíì gbé tánkì sókè, má náwó ẹ.

Ìbéèrè: Dúrọ́ọ̀mù yẹn kì í lò ju wákàtí kan lọ kó tó gbẹ. Ṣé ibì kan ń jò ni?

Ìdáhùn: Mi ò rò bẹ́ẹ̀. Ìwọ náà ṣírò ẹ̀: o ní ihò 100, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń tú líta 2 jáde ní wákàtí kan, dúrọ́ọ̀mù sì jẹ́ líta 200, wákàtí kan náà ló máa tán. Tíì tó ti dàgbà tí ewé ẹ̀ ti bo ilẹ̀ á máa mu bíi líta 3 lójúmọ́ nínú ẹ̀ẹ̀rùn, tí ẹ bá gbìn ín ní mítà 1.2 sí 0.6. Líta 2 tí ihò kan ń tú yẹn ò tó o, ó lè tó àwọn kéékèèké ṣá.

Ìbéèrè: Bí ìdajì ihò yẹn ò kán omi mọ́. Mo ti fi abẹ́rẹ́ gún wọn.

Ìdáhùn: Háà, kí ló dé! Abẹ́rẹ́ á sọ ihò di gbàgede, ibẹ̀ á máa tú omi yàà, tẹ̀gbẹ́ ẹ̀ á máa wòran. Odò lo ti ń fa omi, àbí? Iyanrìn àti ewé jíjẹrà ló wọlé. Fi fílítà sí i, mesh 120 (iye yẹn ló ń sọ bí ojú àwọ̀n ẹ̀ ṣe kéré tó), kó o máa fọ̀ ọ́ lójoojúmọ́, kó o sì máa ṣí ìdí páìpù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kí ìdọ̀tí tú jáde. Tí dúrọ́ọ̀mù bá funfun, kùn ún ní dúdú, torí ìmọ́lẹ̀ ló ń jẹ́ kí nǹkan aláwọ̀ ewé tó ń yọ̀ yẹn hù nínú ẹ̀. Ẹnì kan níbí lápá Òkè-Báálẹ̀, omi bọ́húù ẹ̀ máa ń mọ́ lóló tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, tó bá di ọ̀la gbogbo ẹ̀ á ti pọ́n bí irin tó dógùn-ún, irin tó wà nínú omi náà ló ń dí drip ẹ̀ pa. Ohun tá a ṣe ò ju pé a ń fa omi sínú tánkì lóru, kí irin ẹ̀ rọ̀ sísàlẹ̀ tánkì kí omi tó wọ páìpù. Tó o bá fẹ́ fi bleach fọ páìpù, ó dáa, àmọ́ má da ásíìdì mọ́ ọn láyé, èéfín ẹ̀ ń pààyàn.

Ìbéèrè: Ilẹ̀ ti tutù dáadáa báyìí, síbẹ̀ tíì ò yọ ewé tuntun. Ọ̀gá ní ká fi omi kún un.

Ìdáhùn: Ẹ má fi kún un o! Èyí gan-an ló ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú. Ṣebí nínú ọyẹ́ ní Òṣogbo, o lè mu omi dúrọ́ọ̀mù kan, ètè ẹ á ṣì là. Bẹ́ẹ̀ ni tíì. Drip ń tu ilẹ̀ nínú, kì í tu afẹ́fẹ́ nínú, bẹ́ẹ̀ tíì kórìíra afẹ́fẹ́ gbígbẹ ju ọ̀pọ̀ nǹkan ọ̀gbìn lọ. Tí afẹ́fẹ́ bá ti gbẹ jù, ewé á pa ẹnu dé, ọ̀mùnú á sùn, kò sí iye omi tó lè jí i. Ẹrẹ̀ ni ẹ máa rí, gbòǹgbò á sì jẹrà. Koríko gbígbẹ ni kẹ́ ẹ fi bo ìdí ẹ̀ nípọn, kẹ́ ẹ jẹ́ kí igi tó ń ṣíji bò ó wà níbẹ̀, ẹ má gé e. Ẹ dẹwọ́ ewé jíjá náà, tí afẹ́fẹ́ bá rọ̀, á rú.

Ìbéèrè: Àwọn kan ti ń di yẹ́lò, wọ́n ní ká da eérú sí i.

Ìdáhùn: Rárá o. Eérú dáa fún ewédú mi, kò dáa fún tíì. Ilẹ̀ kíkan ni tíì ń fẹ́, pH (ìwọ̀n bí ilẹ̀ ṣe kan tó) 4.5 sí 5.5, eérú á ba ìyẹn jẹ́. Kọ́kọ́ wò ó bóyá àwọn tó di yẹ́lò yẹn ò kúkú ju àwọn tó wà nínú ẹrẹ̀ nísàlẹ̀ lọ. Ya fọ́tò wọn ránṣẹ́, kó o ya ti fílítà náà mọ́ ọn, kó o tó fọ̀ ọ́ o, kì í ṣe lẹ́yìn tó o bá fọ̀ ọ́ tán.