Bí mo ṣe fi ìdánwò mẹ́ta yẹ ojú wò fún àwọ̀ n’Ílé-Ifẹ̀

Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ àti àwọn ọmọṣẹ́ oníwáyà n’Ílé-Ifẹ̀ ni mo yẹ ojú wọn wò, bóyá ojú wọn lè ya àwọ̀ kan sọ́tọ̀ kúrò lára òmíràn. Ìwé Ishihara, tó ti wà láti 1917, tí nọ́ńbà fara pamọ́ sáàárín tóótòòtó aláwọ̀ nínú rẹ̀, ni mo fi bẹ̀rẹ̀, kí n tó kan HRR, tó jẹ́ ìwé alámì, àti D-15 ti Farnsworth, tó jẹ́ ìdérí aláwọ̀ tí a ń tò.

Ìmọ́lẹ̀ ni mo kọ́kọ́ tọ́jú, torí òun ló ń ba ìdánwò yìí jẹ́ jù. Mo gbé tábìlì sẹ́bàá fèrèsé lọ́sàn-án, níbi tí oòrùn kò ti ta sójú ìwé. Gílóòbù tí iná rẹ̀ pọ́n máa ń jẹ́ kí ẹlòmíràn ka nọ́ńbà tí kò yẹ kó rí.

Sẹ̀ǹtímítà 75 ni Ishihara fi jìnnà sí ojú, ìṣẹ́jú-àáyá 3 fún ojú ìwé kọ̀ọ̀kan. 12 ni ti àkọ́kọ́, gbogbo ènìyàn ló yẹ kó rí i. Ẹni tí kò bá rí i, bóyá kò gbọ́ ohun tí a ní kó ṣe, tàbí ojú rẹ̀ ní àìsàn mìíràn. Nínú ìwé olójú 38, 21 àkọ́kọ́ ni mo kà: ẹni tó gba 17 sókè, ojú rẹ̀ dá, 13 sísàlẹ̀, kò dá. Níbi tí 26 wà, ẹni tó rí 6 nìkan, pupa ni ìṣòro rẹ̀. Ẹni tó rí 2 nìkan, àwọ̀ ewé ni. Mo máa ń da ojú ìwé rú, torí ẹni tó bá jáde ń sọ nọ́ńbà fún ẹni tó kàn. Búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ ni wọ́n fi ń tọ́ka, kí òógùn ìka má baà pa àwọ̀ ìwé dà.

Ṣùgbọ́n Ishihara kì í yẹ búlúù àti yẹ́lò wò. HRR ń yẹ ìyẹn wò, àmì róbótó, igun mẹ́ta àti àgbélébùú ló sì wà nínú rẹ̀, tí ọmọ tí kò tíì mọ nọ́ńbà lè fi búrọ́ọ̀ṣì tọ̀. Ẹni tó ń lo ethambutol, oògùn ikọ́ ife tó lè ba bí ojú ṣe ń mọ àwọ̀ jẹ́, ojú kan lẹ́yìn èkejì ni mo ń yẹ̀ wò.

D-15 ni mo fẹ́ràn jù fún oníṣẹ́ ọwọ́. Ìdérí aláwọ̀ kan dúró sójú kan, 15 yòókù wà káàkiri lórí aṣọ dúdú. Kí ẹni tí à ń yẹ̀ wò máa mú èyí tí àwọ̀ rẹ̀ jọ ti ìṣáájú jù lọ tẹ̀ lé e. Nọ́ńbà ìdí wọn ni mo fi ń ya ìlà sórí ìwé tí àwọn nọ́ńbà náà tò yípo sí. Ẹni tí Ishihara gbé ṣubú lè yege níbí, torí ìṣòro tirẹ̀ kò le. Kò tọ́ kí á lé irú ẹni bẹ́ẹ̀ kúrò nídìí iṣẹ́. Ẹni tí ìlà rẹ̀ bá gba àárín kọjá lẹ́ẹ̀mejì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó má fi ojú lásán ya wáyà pupa sọ́tọ̀ kúrò lára àwọ̀ ewé: kó fi tẹ́sítà wò ó, kó sì kọ orúkọ mọ́ wáyà kọ̀ọ̀kan kó tó so ó.